Oríkì Tó Ṣẹ́kù Nínú Ìwé

Pọ̀ṣọ̀, pọ̀ṣọ̀, pọ̀ṣọ̀. Ìró ẹsẹ̀ àwọn obìnrin tó ń tẹ ẹyìn nínú kòtò epo ní Massè ni. Ọdún méjìlá ti kọjá, Akíndèjì ti di ará Libreville nílẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ń kán sórí páànù, ìró yẹn náà ni etí rẹ̀ ń gbọ́.

Ọmọ Ikpinlè ni. Nígbà náà, ọdún kẹta rẹ̀ ní yunifásítì ni, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìran ènìyàn àti àṣà wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní àntropolojí. Bàbá rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé òun rán ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, ó wá padà wálé, ó ń bi òun bí a ṣe ń sìnkú.

Mémuwáà, ìwé àṣekágbá rẹ̀, ló gbé e dé Massè. Ó dúró létí kòtò, bíìkì ìkọ̀wé lọ́wọ́, ó ń ka bí àwọn obìnrin ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí epo dé orúnkún rẹ̀, gbójú sókè wò ó.

“Ọ̀gá oníwèé, ẹsẹ̀ wo lẹ fẹ́ kọ, ọ̀tún ni àbí òsì?”

Ó ní méjèèjì ni.

“Ẹ bọ́ bàtà, ẹ wọlé. Ohun tí ẹsẹ̀ yín kò bá mọ̀, kí lọwọ́ yín fẹ́ kọ?”

Ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó yọ̀, ó fìdí jókòó sínú epo. Gbogbo kòtò bú sẹ́rìn-ín. Oyèfúnkẹ́, ọmọbìnrin tó pẹ̀gàn rẹ̀, náà ló fà á dìde. Lọ́jọ́ náà ni ìfẹ́ rẹ̀ wọ Akíndèjì lára bí epo ṣe wọ ṣòkòtò rẹ̀, kò sì sí ọṣẹ tó fọ̀ ọ́ kúrò títí dòní.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń gun alùpùpù wá. Oyèfúnkẹ́ ń pè é ní Oníwèé mi, òun ń pè é ní Oyè mi. Kò pẹ́ tí àwọn ará ilé Akíndèjì fi wá mọ ilé wọn, tí ìyá àgbà Oyèfúnkẹ́, Màmá Ìyábọ̀, sì gbà á ní àna.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń bó gbágùúdá, ó bi Màmá pé kí ló dé tí wọ́n ń so ewúrẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú ilé yìí, tí wọn kì í so ó lọ́rùn. Màmá fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́: obìnrin tó tẹ ilé náà dó, rírà ni wọ́n rà á lẹ́rú. Okùn wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó wọ Massè.

“Àna ni ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́,” ni Màmá wí. “Kó wọnú rẹ, kó jókòó síbẹ̀.”

Kò jókòó. Akíndèjì kọ ọ́ sínú ìwé. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó yí orúkọ padà, ó sì yí gbogbo rẹ̀ padà, títí kan orúkọ Massè. Ṣùgbọ́n oríkì ilé náà dùn létí rẹ̀ jù, ó fi í sílẹ̀ bí Màmá ṣe kì í. Ó wá dà bí ẹni tó fi aṣọ bo orí, tó fi ilà ojú síta.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà fún Ghislain, olùkọ́ kan ní Adja-Ouèrè, pé kó bá òun tún Faransé rẹ̀ ṣe. Ghislain kà á sókè níbi tí àwọn ènìyàn jókòó sí. Kò tíì ka oríkì dé ìlà kejì tí bàbá arúgbó kan fi ní, ilé Ṣàngóbíyì ní Massè nìyẹn. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ilé ọkọ tí Ayọ̀mídé, àbúrò Oyèfúnkẹ́, fẹ́ lọ ránṣẹ́ pé àwọn kò ṣe ìgbéyàwó náà mọ́.

Akíndèjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ṣàngóbíyì, bàbá wọn. Ọkùnrin náà kò pariwo.

“Ọmọ, a rò pé o wá fẹ́ wa ni. O wá kọ wá ni.”

Màmá kọjú sí ògiri. Kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Oyèfúnkẹ́ sìn ín dé ojú ọ̀nà. Ojú rẹ̀ wú. Ó ní kó gba ìwé náà padà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ kí ọjọ́ ìgbèjà, tí yóò dúró dáhùn ìbéèrè wọn lórí rẹ̀, tó pé. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun á lè dúró níwájú bàbá òun. Òun yóò máa retí rẹ̀ ní oríta Ikpinlè lọ́jọ́ náà gan-an.

“Oyè mi, ọdún mẹ́ta ni mo fi kàwé yìí.”

“Ọdún mélòó ni ìyá wa fi gbé okùn yẹn lọ́rùn?”

Akíndèjì sunkún dé Ikpinlè. Síbẹ̀, nígbà tí ọjọ́ pé, ó wọ ẹ̀wù kóòtù, ó dúró níwájú àwọn olùkọ́. Wọ́n yìn ín, wọ́n fún un ní mẹ́tàdínlógún nínú ogún. Bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́, pọ̀ṣọ̀ pọ̀ṣọ̀ ló ń gbọ́.

Rosine, ọ̀rẹ́ Oyèfúnkẹ́, ló sọ fún un pé láti àárọ̀ ló ti dúró ní oríta, títí àwọn alágbàdo fi palẹ̀ mọ́. Màmá kú kí àgbàdo tuntun tó dé. Wọn kò pe Akíndèjì síbi òkú. Ìtìjú lé e dé Libreville. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpótí, kò fi í wá iṣẹ́ rí.

Lọ́dún yìí ló tó kọ lẹ́tà sí yunifásítì, ó bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi yọ ìwé náà kúrò láàárín àwọn ìwé tí ará ìta lè kà. Ó gba nọ́ńbà Oyèfúnkẹ́ lọ́wọ́ Rosine, tó sọ fún un pé ó ṣì ń tẹ ẹyìn ní Massè, pé kì í dárúkọ rẹ̀ sí rere, kì í dárúkọ rẹ̀ sí búburú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń kọ, tó ń pa á rẹ́. Èyí tó fi ránṣẹ́ nígbẹ̀yìn nìyí:

“Oyè mi, èmi Akíndèjì ni. Wọ́n ti yọ ìwé náà. Ọjọ́ tí o dúró ní oríta ló yẹ kí n ti ṣe é. N kò ní kí o fẹ́ mi mọ́. Bí o bá lè gbà, fi ibi tí Màmá sùn hàn mí, kí n lọ dọ̀bálẹ̀. N óò bọ́ bàtà kí n tó wọlé. N kò ní mú bíìkì wá.”