Ohun Tí Wọ́n Yọ Nínú Sáláńsà Bọ́ọ̀sì Ìjọ

“Kí ló dé tó jẹ́ àwọn tó jókòó sẹ́yìn nìkan ni orí ń fọ́?”

Olúwafúnkẹ́, tíṣà kẹ́mísírì láti Fìdítì, ló béèrè. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi ti pé lé Rachel lórí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìlọra, níbi tí bọ́ọ̀sì tó kó wọn wá kọrin dúró sí. Oyún oṣù méje wà nínú Rachel. Orí àga ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ló dákú sí kí wọ́n tó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó jókòó tì í sì ń bì.

Ààwẹ̀ ni wọ́n sọ pé ó fà á, torí àwọn akọrin kì í fẹnu kan nǹkan kí wọ́n tó kọrin àjọ̀dún. Ẹnìkan ti gbé epo pupa dé. Olúwafúnkẹ́ ní wọn ò gbọdọ̀ rọ ohunkóhun sẹ́nu ẹni tí kò jí, kí wọ́n fà sẹ́yìn kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Nígbà tó yá, Rachel lajú, àmọ́ kò lè jókòó.

Díákónì Stephen, olórí akọrin, ní kí wọ́n gbé e padà sínú bọ́ọ̀sì, kí Ezekiel awakọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù l'Ọ̀yọ́, kí wọ́n sì ti fèrèsé nítorí ọyẹ́. Olúwafúnkẹ́ dí ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì.

“Bàbá, ẹ má bínú. Kò ní wọ inú ọkọ̀ yìí mọ́.”

“Fúnkẹ́, ìgbà wo lo di dókítà?”

“Mi ò di dókítà, sà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó níwájú náà gbààwẹ̀. Ṣé orí ń fọ́ yín?”

Díákónì yí padà, ó ní kí wọ́n wá ọkọ̀ míì. Takisí ni wọ́n fi gbé Rachel lọ, pẹ̀lú gbogbo fèrèsé ní ṣíṣí.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà ní èéfín mọ́tò ló ṣe é. Rachel á yè, àmọ́ òun kò tíì lè sọ bó ṣe máa rí fún ọmọ inú rẹ̀.

Olúwafúnkẹ́ mú Ezekiel, wọ́n wo abẹ́ bọ́ọ̀sì. Ẹnìkan ti gé àpótí irin tó wà lára páìpù sáláńsà tí èéfín ń gbà jáde, ó jó o padà, ojú ibi tó jó sì ti là. Ìpẹtà ti lu ilẹ̀ ọkọ̀ lókè rẹ̀ gan-an, lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n kan àpótí náà, ó dún bí agolo òfìfo. Ezekiel ní Mùtàlíbù, mẹkáníìkì kan ní Ìlọra, ló tún un ṣe.

Wọ́n lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mùtàlíbù rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e wá láti Kùtọnu. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ rí.”

Inú bí Olúwafúnkẹ́. Ó ní amọ̀ sísun ni wọ́n máa ń kì síbẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ ni gbogbo inú rẹ̀, èròjà tí wọ́n fi ra á ló sì ń pa oró èéfín. Lóòótọ́, imí ọjọ́ inú bẹntiróò wa máa ń bà á jẹ́, ó sì lè dí. Ṣé ìyẹn ló ní kí èèyàn gbẹ́ inú rẹ̀ dànù, kó sì fi ihò sílẹ̀ lábẹ́ ìdí aboyún?

“Oró yìí kì í rùn, a kì í sì í rí i,” ó ní. “Ó ń pa yín lọ, ẹ̀ ń pè é ní ààwẹ̀.”

Ẹ̀yin òǹkàwé tẹ́ ẹ ń ra mọ́tò tòkúnbọ̀, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ inú sáláńsà yín. Bó bá dí, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí páìpù bá lu, ẹ má kó èrò títí ẹ ó fi dí i. Bí orí bá ń fọ́ èrò nínú ọkọ̀, tí èébì ń gbé wọn, ẹ dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀ síbi tí atẹ́gùn wà, kẹ́ ẹ sì tètè wá ọsibítù. Àdúrà dára, àmọ́ ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti gbà á.

Mùtàlíbù ṣì ń búra. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, Àlàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bomi sẹ́sẹ̀, ó ń fi nǹkan aláwọ̀ eérú kan ha gìgísẹ̀. Nǹkan náà rí roboto, ó sì kún fún ihò bí afárá oyin.

“Ìyá, kí lẹ fi ń ha ẹsẹ̀?” Ezekiel béèrè.

“Òkúta òyìnbó ni,” Àlàkẹ́ ní. “Ọkọ mi ló ń yọ ọ́ nínú sáláńsà. Ṣé kí n fún yín ní ọ̀kan?”