Ìbéèrè Kẹfà

Abẹ-ò-molórí ni àwọn dókítà kéékèèké ń pe ọ̀gá wọn nílé ìwòsàn àrùn ọpọlọ. Bó bá jókòó sídìí ìdánwò, ẹni tó mọ̀wé jù á gbàgbé orúkọ ara rẹ̀.

Ìdánwò náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Dókítà kan á wọ yàrá kékeré, á fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ fọ̀rọ̀ wá aláìsàn lẹ́nu wò, ọ̀gá á máa fi máàkì sí i lórí bébà. Agogo á dún, òmíràn á wọlé. Aláìsàn ọ̀hún kì í sì í ṣe aláìsàn: bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni, tó kọ́ ohun tí yóò sọ sórí. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ fún un.

Kì í kúkú ṣe àròsọ. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, káfíńtà kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá bi í ní ìbéèrè kẹfà nínú ìbéèrè tí wọ́n ń bi aláìsàn, pé ṣé ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè lórí fáìlì. Káfíńtà dáhùn. Ọ̀gá gbọ́, ó kọ “Rárá” sílẹ̀, ó ní kó máa lọ sílé. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ọkùnrin náà fi kú. Nígbà tí wọ́n ṣèwádìí, nọ́ọ̀sì tó dúró tì wọ́n sọ ohun tó gbọ́. Ọ̀gá pè é ní òpùrọ́, wọ́n sì lé nọ́ọ̀sì náà níṣẹ́.

Lórí bébà, ọ̀rọ̀ náà kò ba ọ̀gá lẹ́rù. Ó ní òun fẹ́ fi kọ́ àwọn dókítà kéékèèké lọ́gbọ́n ni. Àfìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ béèrè ìbéèrè kẹfà, tí bàbá tíṣà dáhùn pé:

“Ó ti rẹ̀ mí, Dókítà. Ìyàwó mi á lè sinmi tí mi ò bá sí mọ́.”

Ọ̀rọ̀ òkú ni, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Agogo dún, ẹlòmíràn wọlé, òkú tún sọ̀rọ̀. Ó di ìgbà mẹ́jọ. Ẹni kẹsàn-án jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò gbójú sókè nígbà tó béèrè. Ó yẹ kí ọ̀gá gé máàkì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé bírò sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dúró sinmi, bàbá tíṣà rọra bi í pé, “Dókítà, ọkùnrin tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ṣé ara rẹ̀ ti yá?”

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Ọ̀gá la ẹnu, irọ́ kò jáde.

“Ó ti kú, Bàbá. Mo gbọ́ ọ, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.” Ó jẹ́wọ́ ti nọ́ọ̀sì pẹ̀lú.

Bàbá kò sọ pé kò tó nǹkan. Ó sọ fún un pé nítorí irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí gan-an ni Jésù ṣe kú, àti pé kò tíì lé ẹni tó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ padà rí. “Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ẹ fi di irọ́ yẹn mú náà lẹ máa fi gba àánú,” ló wí. “Ẹ jù ú sílẹ̀.”

Ọ̀gá kúnlẹ̀ láàárín àga méjì, ó sunkún, ó ké pe Jésù. Lọ́jọ́ náà gan-an ó kọ òtítọ́ ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì. Obìnrin náà kò fún un ní àga. Ó gbọ́ ọ tán lórí ìdúró, ó ní, “Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń retí yín.”

Àwọn aláṣẹ gba ipò lọ́wọ́ ọ̀gá. Ohùn káfíńtà kò tíì kúrò létí rẹ̀, ṣùgbọ́n ní báyìí, ó máa ń gbójú sókè tó bá gbọ́ ọ.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìwé yìí, ohùn ta ló ń dún létí tìrẹ? Ta lo ti purọ́ mọ́, tó o wá ṣe bí ẹni pé ó ti tán? O kọ “Rárá” sílẹ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ. Ìwọ kò sì mọ ìṣẹ́jú tó kù fún ọ. Jésù ti gbójú sókè, ìwọ ló ń wò. Dá a lóhùn lónìí, níbi tó o jókòó sí yìí, kí agogo tó dún.