Yọ Wáyà Kí O Tó Fọwọ́ Kan Omi Ẹja

Láti ọjọ́ tí ọkọ aránṣọ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀ ni àwọn aládùúgbò ti ń pè é ní Bàbá Ẹlẹ́ja. Àpótí gíláàsì kan ló gbé síwájú fèrèsé pálọ̀, níbi tí oòrùn ti ń pa á, tó sì kó ẹja wẹ́wẹ́ aláràbarà sínú rẹ̀. Tọ̀sán-tòru ni gílóòbù ń tàn lórí wọn. Ọ̀pá oníná tó ń mú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ náà kò sì sinmi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná yẹn," ni aránṣọ máa ń wí nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. "Oòrùn ń ràn, gílóòbù ń tàn. Ṣé ẹja lẹ̀ ń sìn ni, àbí ẹ̀ ń yan án?"

"Ìwọ máa ránṣọ ẹ. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́! Kò pẹ́ tí èéhù fi bo gíláàsì, tí ẹja sì ń la ẹnu gbàù lójú omi. Ìyàwó tún sọ̀rọ̀, ọkọ tún kọ etí ikún. Nígbà tó yá, ó da odindi ọ̀rá yìnyín sínú omi gbígbóná náà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹja mẹ́rin ti léfòó.

Aránṣọ pòṣé títí ó fi sú u.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, wá gba ṣòkòtò tó ní kí wọ́n bá òun dín. Bó ṣe ń wọ̀ ọ́ wò ni wọ́n gbọ́ "pá!" láti pálọ̀. Bàbá ti fa ọ̀pá gbígbóná yọ kúrò nínú omi láì pa á, gíláàsì ara rẹ̀ sì là. Ó tún jù ú padà sínú omi, ó wá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Igbe ló kù tí wọ́n gbọ́. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣeé yọ.

Aránṣọ sáré sí i. Àbúrò rẹ̀ gbá a mú láti ẹ̀yìn.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Iná á gbé ẹ̀yin náà!"

Ó bẹ́ dé ìdí súìṣì ńlá lára ògiri, ó pa gbogbo iná ilé. Bàbá ṣubú lulẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì dá a dúró di ọjọ́ kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń wá nínú omi tí iná wà nínú ẹ̀?" ni àbúrò ìyàwó bi í nígbà tí wọ́n padà délé.

"Mo fẹ́ kó òkú ẹja ni."

"Díẹ̀ ló kù ká kó tiyín mọ́ ọn!" Ìbínú àti ẹkún jọ ń jáde lẹ́nu aránṣọ. "Ọdún mélòó ni mo ti ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí?"



Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja nílé, ẹ má gbé àpótí rẹ̀ sójú oòrùn. Wákàtí mẹ́jọ ti tó fún gílóòbù lójúmọ́. Ẹja náà ń fẹ́ òkùnkùn láti sinmi. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná omi, ẹ má fojú díwọ̀n. Bí omi bá gbóná jù, ẹ pa iná, kí ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀. Yìnyín òjijì ń pa ẹja.

Ẹ yọ gbogbo wáyà kí ọwọ́ yín tó kan omi, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀pá tutù kí ẹ tó fà á jáde. Bí iná bá sì gbé ènìyàn, bó ti wù kó ṣọ̀wọ́n sí yín tó, ìdí súìṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ sá lọ.