Ewé Abẹ́ Àgbálùmọ̀

Bó ti wù kí Fọláwùmí gbá ewé àgbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé dànù tó, ojú kan náà ló ń padà sí. Àgbàlá fẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ ewé ọ̀hún kì í fọ́n ká. Ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò ni wọ́n máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ sí, wọn ò sì ju ẹní ọmọdé lọ.

Ewé nìkan tiẹ̀ kọ́. Èso ń já lu páànù, oje ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì mọ́tò, eṣinṣin ń ṣe fàájì. Ilé ọkọ ni, ní ìlú Oǹdó. Akínbọ̀wálé, ọkọ rẹ̀, ti kú. Òun, ọmọ rẹ̀ Ànúolúwapọ̀, àti ìyá ọkọ ló kù níbẹ̀. Kí igi wá sọ odindi òṣìṣẹ́ ìjọba di agbálẹ̀! Inú bí i, ó ránṣẹ́ pe agégi.

Ẹ̀rọ ò tíì wọ èèpo igi tán tí Ànúolúwapọ̀ fi figbe ta nínú ilé, ó di ìdodo mú. "Mọ́mì, wọ́n ń gé mi!" Ẹ̀jẹ̀ ò jáde, àmọ́ ìlà pupa kan ti fà síbẹ̀.

Ìyá ọkọ lé agégi lọ. Ó fa Fọláwùmí wọ yàrá, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyàwó mi, àṣìṣe ọkọ rẹ ni. Nígbà tí wọ́n gbé ibi ọmọ yìí fún un ní ọsibítù, ó yẹ kó rì í, kó sì gbin igi tuntun lé e. Ìdí àgbálùmọ̀ yìí ló rì í sí. Igi àbúrò ọkọ rẹ tó kú ní kékeré ni. Igi ọmọ kan kì í gba ibi ọmọ méjì."

"Màmá, ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́?"

"Láti ọjọ́ tí Oríọlá ti kú, mi ò dárúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí rí, àfi fún ọ lónìí."

Fọláwùmí kó ẹrù sí mọ́tò, ó gbé ọmọ, ó kọrí sí Àkúrẹ́, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká. Bí wọ́n ṣe dé afárá Ọ̀wẹnà, ara ọmọ gbóná bí ààrò. Ó ṣẹ́rí mọ́tò padà, ara ọmọ tutù. Lọ́jọ́ kejì, afárá yẹn náà ni, ibà yẹn náà ni. Igi ò ṣe é gé, ilé ò ṣe é kúrò. Ó jókòó sínú mọ́tò, ó sunkún títí.

Nírọ̀lẹ́, ó mú ìgbálẹ̀, kó ṣáà lè rí nǹkan ṣe. Ànúolúwapọ̀ ti wà lábẹ́ igi, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan tí ìyá rẹ̀ ò rí.

"Mọ́mì, ẹ má gbá a mọ́," ó ní. "Oríọlá ní ẹ ń tú ibùsùn wa ká."

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Fọláwùmí. Ó wolẹ̀. Ewé náà ti fẹ̀ ju ti àná lọ. Ó ti gba ọmọ méjì.

Ànúolúwapọ̀ yán, ó sì dùbúlẹ̀ sí apá tirẹ̀.