Ọtí Tó Bú Gbàmù Ní Yàrá Ìkókó

Tí ẹ bá ń wá ilé tí ìkókó wà ní Abakpa Nike, ẹ má wulẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ilé tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa nígbà tí oòrùn ń ran gbogbo ayé lójú. Ibẹ̀ ni.

Bó ṣe rí nílé Akínkúnlé nìyẹn, látìgbà tí Mọ́tọ́lá ìyàwó rẹ̀ ti bímọ obìnrin, tí ìyá ìyàwó sì ti wọ bọ́ọ̀sì láti Iléṣà wá wẹ ọmọ. Màmá Adékọ̀yà, ìyá ìyàwó náà, kì í fi ọ̀rọ̀ ìkókó ṣeré rárá. Olùkọ́ kẹ́mísìrì ni kó tó fẹ̀yìn tì, ilé ọkọ ọmọ rẹ̀ sì ti di kíláàsì. Fèrèsé yàrá, títì. Ilẹ̀kùn, títì. Sítóòfù kékeré kan wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, kẹ́tù omi gbígbóná sì ń hó lórí rẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́.

"Otútù ò gbọdọ̀ gbọ́ pé a ní àlejò," ni Màmá máa ń wí.

Akínkúnlé ní tirẹ̀ ti di ará pálọ̀. Lórí àga ló ń sùn. Iṣẹ́ gíláàsì ló ń ṣe ní Artisan Market: ó ń gé gíláàsì fèrèsé, ó ń fi fọ́tò sínú férémù, ẹnu rẹ̀ ò sì gbófo tó bá di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí. "Èmi àti gíláàsì," ni yóò máa wí, "a ti mọ ara wa tipẹ́." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ohun kan wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná tí Akínkúnlé ò fẹ́ kí Màmá rí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan ni, ó ní ìdérí, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yọ lórí rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ló bí i. Kí Mọ́tọ́lá tó bímọ, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìlú náà, Adélàjà akọ̀wé ti fi Akínkúnlé ṣe yẹ̀yẹ́ pé tó bá kó ọmọ jáde, sóbò nìkan ni wọ́n máa rí mu nílé rẹ̀. Ni bàbá ìkókó bá dìde láàárín àwọn èèyàn, ó lu àyà.

"Ọtí tí èmi fúnra mi pọn ni ẹ máa mu! Ẹni tó bá mu ìgò kan, ká sìn ín délé ni."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí pé òun ò mọ ọtí pọn. Ó gba orí fóònù lọ, ó ra àwọn èlò ọtí àpọnsílé: agolo omi ọkà bálì tó dúdú tó sì ki bí oyin, ìwúkàrà inú páálí kékeré, pẹ̀lú ìwé tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó po omi ọkà náà mọ́ omi gbígbóná, ó da ṣúgà sí i. Ìwé sọ iye ṣúgà tó yẹ. Akínkúnlé ní ti àwọn òyìnbó nìyẹn, ó bu ìlọ́po méjì rẹ̀ sí i kó lè le dáadáa. Nígbà tó tutù, ó da ìwúkàrà lé e, ó dé e.

Wọ́n tún fi igi gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ránṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọtí. Ìwé ní kí wọ́n jẹ́ kó léfòó nínú ọtí náà. Tí kò bá ti kúrò lójú ìlà kan náà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà tán nìyẹn, wọ́n lè rọ ọtí sígò. Ọkùnrin gíláàsì wa gbé e lọ́wọ́, ó ní kóun fi ìka ta á wò bóyá ó dáa. Kò dáa. Ó fọ́.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí Màmá wọ ilé ìdáná wá pọn omi.

"Akin, kí ló wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí tó ń sọ búlúkú-búlúkú?"

Màmá yìí kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ ọtí sétí òun, àgàgà nílé tí ọmọ tuntun wà.

"Gọ́ọ̀mù ni, Màmá. Gọ́ọ̀mù tí mo fi ń lẹ férémù."

"Gọ́ọ̀mù tó ń mí?"

"Ti ìgbàlódé ni, mà."

Màmá wò ó láti orí awò ojú rẹ̀, ó wo bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó tún wò ó. "Òórùn gọ́ọ̀mù ò dáa fún ìkókó. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mi ò fẹ́ rí i nílé yìí mọ́."

Wàhálà dé. Níbo ni kó gbé e lọ? Tó bá gbé e sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ iṣẹ́ á mu ún tán. Tó bá gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Sandra aránṣọ, ará ilé òdìkejì tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan, á yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wá kù kó kúkú rọ ọ́ sígò. Ìwé náà sì ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé wọn ò gbọdọ̀ rọ ọ́ sígò níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń hó.

"Ṣé títí ayé ló fẹ́ máa hó ni?" Akínkúnlé bi ara rẹ̀, ó sì sáré lọ wá ìgò.

Ní ẹ̀gbẹ́ New Market, ó bá àwọn tó ń ta ẹ̀pà yíyan. Ẹ mọ ìgò ẹ̀pà: ìgò funfun tí wọ́n ti mu jíìnì inú rẹ̀ tán kí ẹ̀pà tó dé ibẹ̀. Ó gbé ọ̀kan sókè sójú oòrùn. "Ẹ wo bó ṣe mọ́ gaara!" Ó ra èyí tó lè gbé. Ó rọ ọtí sí wọn, ó bu ṣíbí ṣúgà kún rẹ́rẹ́ sí ìgò kọ̀ọ̀kan, níbi tí ìwé ti ní kó bu díẹ̀ bín-ín-tín, ó wá fi gbogbo agbára dé wọn pinpin.

Ìwé tún ní kí wọ́n gbé ìgò síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni Akínkúnlé tẹ̀ lé láìyẹsẹ̀. Nílé yẹn, ibo ló móoru ju yàrá ìkókó lọ? Nígbà tí Màmá gbé ọmọ jáde láti lọ yá oòrùn àárọ̀, ó wọ́ páálí ìgò náà wọlé, ó tì í sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, ó fi aṣọ bò ó. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún ni ọmọ ń sùn, lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì kékeré rẹ̀. Akínkúnlé gbọn ọwọ́ méjèèjì, inú rẹ̀ dùn pé òun gbọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà níbẹ̀, tí Màmá ń koná mọ́ sítóòfù, tí omi ń hó, tí ìgò náà ń gbóná díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ìkómọ ku ọ̀la, Mọ́tọ́lá bá ọkọ rẹ̀ ní pálọ̀ níbi tó ti ń to àga.

"Bàbá Ìkókó, nǹkan kan ń dún fín-ín nínú yàrá wa."

"Ẹ̀fọn ni."

"Ẹ̀fọn wo ló ń dún lọ́sàn-án gangan?"

"Ẹ̀fọn Abakpa," ni Akínkúnlé wí, ó sì ń to àga lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, oòrùn mú gan-an. Màmá gbé ọmọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sórí àpótí, ó na ọmọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. "Mọ́tọ́lá! Bá mi mú aṣọ ọmọ wá nínú yàrá!"

Mọ́tọ́lá dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ kan ilẹ̀kùn yàrá.

Gbàmù!

"Jesus! Gunshot!" Sandra ti dojú bolẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú tépù ìwọnṣọ lọ́rùn. Gbogbo ará àgbàlá tẹ̀ lé e. Oníkẹ̀kẹ́ kan tó ń kọjá fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó kó sínú gọ́tà.

Akínkúnlé fò láti pálọ̀, ó di ìró ìyàwó rẹ̀ mú. "Má wọ ibẹ̀!"

"Aṣọ ọmọ wà níbẹ̀!"

Gbàmù! Gbàmù! Nǹkan gbá ilẹ̀kùn láti inú, ó dún ṣanran-ṣanran. Lẹ́yìn náà ni ìfófòó funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo àgbàlá.

Sandra gbórí sókè. Ó fa imú. "Ah-ah. This one na beer o!"

Màmá ò mira. Ó ṣan ọṣẹ lára ọmọ, ó fi ìborùn ara rẹ̀ wé e, ó tó wá pe ọkọ ọmọ rẹ̀.

"Akin."

"Mà."

"Ṣé gọ́ọ̀mù yẹn náà ló ń bú yìí?"

Akínkúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ọtí ni. Ẹ jẹ́ kí n tètè lọ kó àwọn tó kù jáde kí wọ́n tó fọ́."

"Dìde, kó o jókòó! Ojú tí o fi ń gé gíláàsì, ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ti ń ta òmíràn ni? Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ yàrá yẹn báyìí." Ó gbé ọmọ fún Mọ́tọ́lá. "Ìgò wo lo rọ ọ́ sí?"

"Ìgò ẹ̀pà."

"Ìwọ tí ìwọ àti gíláàsì ti mọ ara yín tipẹ́!"

Sandra tó ti sún mọ́ wọn bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

"Fetí sílẹ̀. Nǹkan ẹlẹ́mìí ni ìwúkàrà. Ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ni ọtí ń wá, bẹ́ẹ̀ náà ni gáàsì ń wá. Nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, gáàsì ń ríbi jáde, ìyẹn ni búlúkú-búlúkú tí mo gbọ́. Ìwọ wá gbé e nígbà tí kò tíì jẹun tán, o tún bu oúnjẹ sí i, o dé e pa, o gbé e síbi tí mò ń dáná. Ibo lo ní kí gáàsì gbà jáde? Ìgò bíà nípọn nítorí pé gáàsì ń tì í láti inú. Wọn ò ṣe ìgò jíìnì fún irú ìyẹn."

"Mo rò pé tí mo bá sọ fún yín pé ọtí ni, ẹ máa bínú, Màmá."

"Ǹ bá bínú. Ǹ bá bú ẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n ǹ bá sọ fún ẹ pé má rọ ọ́ sígò."



Màmá ní kí wọ́n fi igi gígùn ti fèrèsé ṣí láti ìta, kí atẹ́gùn lè wọlé kí sítóòfù tí ìfófòó ọtí ti pa iná rẹ̀ sì tutù. Àwọn ìgò tó kù kò gbọdọ̀ gbóná mọ́. Wọ́n dúró títí ooru fi lọ kúrò nínú yàrá. Ìgbà náà ni wọ́n tó múra fún Akínkúnlé: kóòtù, gílọ́ọ̀fù awọ, awò ìgégíláàsì tó bo ojú rẹ̀ pátá, ìkòkò ìseran Mọ́tọ́lá lórí. Sandra ń fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Ó wọlé, ó da búláńkẹ́ẹ̀tì nínípọn tí wọ́n ti rẹ sómi bo páálí náà, ó rọra kó gbogbo rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù onírin, ó dé e, ó gbé e jìnnà sí ilé.

Ó padà láti wá gbá ilẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí nẹ́ẹ̀tì ọmọ. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀. Ó ká nẹ́ẹ̀tì náà sókè. Àfọ́kù ìgò kan, gígùn rẹ̀ bí ìka ọwọ́, dúró ṣánṣán lórí ìrọ̀rí, níbi tí ọmọ ń gbé orí sí.

Ó jókòó sínú ọtí tó dà sílẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò lórí, ó sì sunkún kíkankíkan. Nígbà tí Màmá wọlé tó rí i, kò bú u. Ó ṣí ìkòkò lórí rẹ̀, ó sì dì í mú.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó ọmọ jáde. Sóbò ni wọ́n mu.

"Akin, ọtí ẹ dà?" Adélàjà béèrè.

"Ó ti mu ara rẹ̀ tán," ni Màmá dáhùn.

"Ẹ ò tiẹ̀ bu díẹ̀ fún ìyá ọmọ, mà? Ṣebí wọ́n ní ó ń mú omi ọyàn wá."

"Irọ́ ni. Oúnjẹ àti omi ni kẹ́ ẹ fún un, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó sinmi. Ọtí tí ìyá bá mu ń dé inú omi ọyàn."

Tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù Akínkúnlé ní Artisan Market lónìí, ẹ óò rí férémù kan tó dáa ju gbogbo èyí tó kù lọ. Àfọ́kù ìgò ló wà nínú rẹ̀. Àwọn oníbàárà máa ń béèrè pé kí nìyẹn. "Ibi tí orí ọmọ mi ì bá wà ni mo ti yọ ọ́," ni yóò wí, yóò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹni tó bá fẹ́ pọn ọtí nílé, kó tẹ̀ lé ohun tí ìwé rẹ̀ wí, kó má fi ṣúgà kún ṣúgà nítorí kó lè le. Kó fọ gbogbo èlò rẹ̀ mọ́ tónítóní, bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ ni kó sì lò, kì í ṣe ti ọ̀dà. Kó má rọ ọ́ sígò títí ìwúkàrà yóò fi ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, ìgò tí wọ́n ṣe fún bíà nìkan ni kó sì rọ ọ́ sí. Kó má gbé e sí yàrá tí èèyàn ń sùn. Tí ìgò kan bá bú, ẹ kó àwọn ọmọdé jìnnà, ẹ má sáré lọ kó àwọn tó kù. Ọtí àpọnsílé lè le ju bí ẹ ṣe rò lọ: kì í ṣe ti ọmọdé, kì í ṣe ti aboyún tàbí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, kì í sì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ wakọ̀. Ẹ má sì tà á láìgba ìwé àṣẹ NAFDAC.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, tí ọtí bá ń hó nílé yín, ẹ jẹ́ kí gbogbo ará ilé mọ̀ pé ọtí ni. Ẹ má pè é ní gọ́ọ̀mù.