Eyín Garba

Láti ìgbà tí Garba ti dé láti Sókótó, kò tíì sẹ́ni tó rí i kó mu omi. Rahama ìyàwó rẹ̀ á gbé oúnjẹ fún un, á tún gbé e kúrò bó ṣe wà. Ọgbà kan náà la jọ ń gbé ní Adéwọlé. Fèrèsé wọn kọjú sí tèmi, èmi náà kì í sì í di ojú.

Èmi ni mo sin Rahama lọ sọ́dọ̀ Ìyá Talatu, arúgbó tó máa ń pe ẹni tó bá sọnù wálé, lẹ́yìn Ọjà-Ọba nígbà tí a ò gbúròó ọkọ rẹ̀ mọ́. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, ọmọ ìjọ sì ni mí, ṣùgbọ́n ẹkún obìnrin yẹn kò jẹ́ kí n sinmi.

Eegun ewúrẹ́, bọ́tìnnì, kọ́kọ́rọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ ló wà nínú àpò ìyá arúgbó náà. Ó ní kí Rahama ju ohun ọkọ rẹ̀ kan sí i, kó sọ ohun tó ń fẹ́.

Rahama ju nǹkan kan sí i. Ó ní, "Kó ṣáà wálé."

Ìyá Talatu mi àpò, ó dà á sórí ẹní. Ó wò ó títí, ó wá fi ìka kan ohun funfun kan láàárín àwọn eegun.

"Kí lèyí?"

"Eyín rẹ̀ tí wọ́n yọ lọ́dún tó kọjá ni. Mo rò pé ohun tó ti ara rẹ̀ jáde ló máa tètè jẹ́."

"Eegun la fi ń pe òkú," Ìyá Talatu rọra wí. "Ohun tí èèyàn ń lò la fi ń pe alààyè." Ó dá eyín náà padà fún un.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Garba wọlé láìsí ẹrù. Àjò kì í dùn kónílé má relé, mo bá wọn yọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ta àlùbọ́sà pè mí, nítorí Rahama ò gbé fóònù. Ó ní ọkọ̀ ló pa Garba, wọ́n sì ti sin ín kí a tó lọ sọ́dọ̀ Ìyá Talatu rárá.

Mo sáré padà lọ bá ìyá arúgbó náà. Ó ní bí a bá ti ri eyín náà mọ́lẹ̀, Garba á padà síbi tó ti wá.

Rahama ń fọ abọ́ nígbà tí mo sọ fún un.

"Ìyá Ọpẹ́, mo ti mọ̀," ló wí. "Ara rẹ̀ tutù. Wallahi, ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo pinnu pé bó bá ti lọ sọ́jà, màá wọlé wọn, màá wá eyín náà, màá sì rì í mọ́lẹ̀ fúnra mi.

Láàárọ̀ yìí ni mo lọ. Garba jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ọpẹ́. Màmá yín ní kí n kí yín. Wọ́n ní ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti san."

Ọdún kẹta rèé tí a ti sin màmá mi. Garba ò mọ̀ wọ́n rí.

Mo fa àga kan, mo jókòó tì í. Mo ní, "Kí ni wọ́n tún sọ?"