Orúkọ Mẹ́ta Nínú Í-meèlì Bàbá Mi

"Tẹ̀ ẹ́ o, ṣùgbọ́n má kà á," ni Bàbá mi wí, ó sì gbé ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ẹ gbọ́, báwo ni èèyàn ṣe ń tẹ ohun tí kò kà? Ṣùgbọ́n ta ni yóò bi Bàbá mi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Imorou ni orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé àgbà ni ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Savalou, ní ilẹ̀ Benin, ọ̀rọ̀ ààbò sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, nínú oṣù karùn-ún ọdún 1999. Ó ti wọ aṣọ funfun, ó ń kánjú lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Ìsọ̀ Uthman, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta epo ọkọ̀, ni a wà. Yàrá ẹ̀yìn ló gbé kọ̀ǹpútà sí, ó so ó mọ́ wáyà tẹlifóònù. Fáàsì, ẹ̀rọ tí ọ́fíìsì Bàbá fi ń fi ìwé ránṣẹ́, ti bàjẹ́ láti ìgbà ọyẹ́, lẹ́tà sì máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Cotonou. Nígbà tó sú Bàbá, ó ní kí Uthman ṣí í-meèlì kan fún òun, ti ara rẹ̀, kì í ṣe ti ìjọba. Ó mọ̀ pé òfin kò gba kí àṣírí ìjọba gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ó rọrùn fún un. Kò sì mọ̀ ọ́n tẹ̀, nítorí náà èmi Rafiatou, tí mo ti kọ́ ìwé títẹ̀ nígbà ọlidé, ni mo di akọ̀wé fún akọ̀wé. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣí í-meèlì náà, orúkọ ìyá rẹ̀ ni. Gbogbo ilé wa ló mọ̀ ọ́n.

"Ọmọ inú ilé mi ni," ló máa ń sọ fún Uthman. "Ohun tó bá rí, èmi náà ni mo rí i."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo sì kà á. Lẹ́tà náà dá lórí àwọn adigunjalè tí ń dá ọkọ̀ dúró láàárín Bantè àti Savalou. Bàbá kọ orúkọ àwọn mẹ́ta tó fi ibùba àwọn olè náà han ìjọba. Ẹnì kejì ni Ganiou, àgbẹ̀ kajú ní Akpassi.

Ganiou ni bàbá Wassila, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, tí a jọ ń múra ìdánwò BEPC, èyí tí a fi ń parí ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, àwọn olè náà gba gbogbo ẹrù èrò inú ọkọ̀ kan, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí Ganiou kọjá lórí alùpùpù rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń sọ pé ọ̀kan lára àwọn olè náà ni. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, "ọmọ olè" ni wọ́n ń pe Wassila.

Ọjọ́ Ajé, bí Wassila ṣe wọ kíláàsì, Chimène, ọmọ kíláàsì wa kan, kígbe pé, "Ẹ mú àpò yín mọ́ra o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo bá Wassila lẹ́yìn kíláàsì, ó ń sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Kí n má purọ́, ẹnu tún ń yún mi. Ó dùn mọ́ mi pé mo mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

"Bàbá rẹ kì í ṣe olè," mo sọ fún un. "Òun ló fi wọ́n han ìjọba. Mo fojú mi rí orúkọ rẹ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

"Mo fi Ọlọ́run búra," ni Wassila wí. Ó nu ojú rẹ̀, ó dì mọ́ mi.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi pa á mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, Chimène tún bẹ̀rẹ̀, Wassila sì fò dìde láàárín ọgbà ilé ìwé.

"Bàbá mi ló tú àṣírí àwọn olè yẹn! Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan gun alùpùpù pupa wá sí ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó rọra bi àwọn ọmọ kéékèèké léèrè pé, "Èwo ni ọmọ Ganiou nínú yín?" Wọ́n nawọ́ sí Wassila. Ó wò ó dáadáa, ó kí i, ó sì lọ. A kò rí ọkùnrin náà rí ní Savalou.

Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n dáná sun àká kajú Ganiou. Wọ́n fi èédú kọ ọ́ sára ògiri ilé rẹ̀: *Ó ku ìwọ.*

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ganiou wọlé tọ Bàbá mi wá. Eruku ti bò ó. Bàbá ní kó jókòó, kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi tí mo bí Wassila, mi ò sọ fún un. Ìyá rẹ̀ pàápàá, mi ò sọ fún un. Ẹ̀yin nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀ yìí. Báwo ló ṣe dé ẹnu ọmọ mi?"

"Uthman ni," ni Bàbá wí. "Kò lè jẹ́ ẹlòmíràn. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni. Màá ní kí àwọn ọlọ́pàá jàndáàmù lọ gbé e báyìí."

Mo wà lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá dákẹ́, Uthman ni yóò jìyà, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀. Mo jáde, mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì.

"Bàbá, èmi ni. Èmi ni mo sọ fún Wassila."

Ganiou wò mí, kò bú mi. Bàbá mi ló yíjú sí.

"Ọmọdé ni tirẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀mí mi ni mo gbé lé yín lọ́wọ́."

Kí oòrùn tó wọ̀, Ganiou ti kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ gba ọ̀nà Tchetti lọ sí Togo. Àwọn méjì yòókù náà fi ilé sílẹ̀. Bàbá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ jẹ́wọ́ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì gba iṣẹ́ ààbò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìdánwò, wọ́n lẹ orúkọ Wassila àti nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ tábìlì tó wà níwájú mi. Olùdarí ìdánwò pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó fi bíírò fa ìlà lé e lórí, ó sì pín ìwé ìbéèrè fún wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àánú ni mo fi sọ̀rọ̀ náà, àánú ọ̀hún kò sì dá nǹkan kan dúró. Bí àṣírí ẹlòmíràn bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, bó ti wù kó ṣeé fọkàn tán tó, nítorí ẹ̀mí èèyàn lè wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ìlú bá sì fi àṣírí sí ní ìkáwọ́, kó má ṣe gbé e sí ibi tó rọ òun lọ́rùn.

Mo yege ìdánwò náà. N kò tí ì gbúròó Wassila títí di òní.